Ohun Mímu Nídìí Oúnjẹ: Bí A Ṣe Ń Gba Ará Nẹ́dálándì Lálejò ní Ilé-Ifẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Ṣe Àlejò Lọ́dọ̀ Wọn

Ẹni tó bá pẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, pàápàá ní àdúgbò tó súnmọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kò ní ṣàì gba òyìnbó lálejò lọ́jọ́ kan. Òmíràn wá ṣe ìwádìí, òmíràn wá wo ọdún Ọlọ́jọ́, òmíràn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ọmọ wa bá pàdé níbi tó ti lọ kàwé, tó wá mú un wálé kí ó lè mọ bàbá àti ìyá òun. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti gbà lálejò nílé mi ní Parakin, àwọn ará Nẹ́dálándì ni wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ń mu nídìí oúnjẹ lè da ilé rú ju oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Iyán kò bà wọ́n lẹ́rù rí. Omi ni a máa ń rojọ́ lé lórí.

Nẹ́dálándì yìí ni àwọn ìyá wa mọ̀ sí Họ́láńdì, tí wọ́n fi ń ya àǹkárá gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. A mọ̀ wọ́n nínú agolo mílíìkì pẹ̀lú: láti ọ̀dọ̀ wọn ni Peak ti wọ ọjà wa ní ọdún 1954, àjọ àwọn àgbẹ̀ olómàlúù ilẹ̀ wọn ló sì ni ìpín tó pọ̀ jù títí di òní nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ agolo kò tíì mọ ẹni tó ni màlúù. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀, ó sì wà fún ọmọ wa tó ń múra láti lọ kàwé ní Delft, ní Wageningen tàbí ní Enschede, tí yóò jókòó ti tábìlì àwọn náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ aago wọn

Aago ló ń darí ohun tí wọ́n ń mu. Kọfí tàbí tíì ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀. Bí aago mẹ́wàá bá ti ń lọ lù, kọfí tún dé, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì pa iṣẹ́ tì díẹ̀ láti mu ún pọ̀. Ẹni tó bá pe irú wọn sí ìpàdé ní àkókò yẹn láìsí kọfí nílẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìpàdé jẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán, láàárín aago méjìlá sí aago kan, jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n tẹ́ wàràkàṣì lé, tàbí èyí tí wọ́n wọ́n ṣokoléètì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní hagelslag sí lórí. Nígbà tí oòrùn bá ti ń yẹ̀, tíì ni. Oúnjẹ gbígbóná di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Omi ni ọ̀pọ̀ ń mu sí i, àwọn mìíràn kì í sì í mu ohunkóhun títí wọn yóò fi jẹun tán.

Ti ọ̀sán yẹn ló máa ń ya àwa lẹ́nu jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú jókòó ti búrẹ́dì méjì níwájú mi, ó bu wàrà tútù kún gíláàsì dẹ́nu, ó gbé e mu gbẹ láìmí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irun ètè rẹ̀, ó sì tún bu òmíràn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn ló ń mu ún. Lọ́dọ̀ wa, mílíìkì kì í ṣe ohun mímu. Ohun tí a ń kán sínú ohun mímu ni, láti inú agolo tí a lu ihò méjì sí lórí. Àgbàlagbà tó bá mu ún lásán, ọmọdé ni yóò jọ lójú wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba ará Nẹ́dálándì lálejò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó ra wàrà páálí tó ṣeé mu lásán, kí ó gbé e sínú fíríìjì, kí ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé kí wọ́n má ṣe máa fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ tíì náà gba àlàyé. Lẹ́nu wa, Bọnfíta ni o, Máíló ni o, Liptọ́n ni o, tíì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́nu tiwọn, ewé tíì nìkan ni tíì, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í bu mílíìkì sí i rárá. Bí ẹ bá bi àlejò bóyá ó fẹ́ tíì, tó ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ wá gbé ife Máíló tó ki pọ̀ọ̀kì pẹ̀lú ṣúgà mẹ́rin wá, yóò mu ún, nítorí pé àwọn náà ní ohun mímu kòkó tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ní. Mo máa ń lo àǹfààní yẹn láti sọ ìtàn kòkó fún wọn, pé irú kòkó tí àwọn bàbá wa ń sá ní Ìfẹ̀tẹ̀dó àti ní oko Ìjẹ̀ṣà ló ń gba èbúté Amsterdam kọjá, èyí tí kòkó ń gbà wọlé jù lọ láyé, àti pé ní ìlú Amsterdam kan náà ni ìdílé Van Houten ti gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fún òróró kúrò lára kòkó ní ọdún 1828. Láti ìgbà yẹn ni kòkó ti di ìyẹ̀fun tó rọrùn láti pò mọ́ wàrà.

Omi nínú ilé wa

Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi ni ìkíni àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ káàbọ̀. A kì í béèrè kí a tó gbé e wá, àlejò náà kì í sì í kọ̀ ọ́. Bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ ẹ́, yóò fi kan ẹnu, yóò sì dúpẹ́. Ará Nẹ́dálándì kò mọ èyí. Àwọn dókítà tó ń gba arìnrìn-àjò nímọ̀ràn sì ti kìlọ̀ fún un kó tó gbéra pé kó má ṣe mu omi tí kò bá rí bí wọ́n ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, kó sì sá fún omi dídì. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé omi tó ti wà nínú gíláàsì wá fún un, yóò wò ó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì gbé e sílẹ̀. Ìyá ilé á ní ó tàbùkù òun. Ohun tó rọrùn ni pé kí ẹ gbé ìgò omi tí wọn kò tíì ṣí wá lórí tíréè pẹ̀lú gíláàsì tó gbẹ dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó ṣí i fúnra rẹ̀, kí ẹ má sì fi omi dídì sí i. Bó bá jẹ́ omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hòólù ni ẹ ní, ẹ jẹ́ kó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ bò ó títí yóò fi tutù.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni èmi fúnra mi kò rò tẹ́lẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní ilẹ̀ wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í bu kiloríìnì sí i kó tó dé ilé, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé ife sábẹ́ ẹ̀rọ ilé ìdáná tàbí ti ilé ìwẹ̀ kí ó mu ún. Ọwọ́ wọn ti mọ́ èyí. Àlejò tó kọ omi gíláàsì mi lálẹ́, tó sì dá mi lójú pé ó ń ṣọ́ra, òun kan náà ni mo bá ní òwúrọ̀ kejì tó fẹnu gba omi ẹ̀rọ nílé ìwẹ̀, lẹ́yìn tó fọ eyín tán. Ó ti gbàgbé. Ọjọ́ méjì ni inú fi yọ ọ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ìgò omi kan sí ẹ̀gbẹ́ bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbogbo àlejò, tí mo sì ń fi ẹnu mi sọ pé kí wọ́n má ṣe gba ti ẹ̀rọ sẹ́nu. Ẹni tó bá rò pé àlejò yóò rántí fúnra rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Píọ́wọ́tà náà dára, bí nọ́ńbà NAFDAC bá wà lára ọ̀rá rẹ̀ tí ọ̀rá náà kò sì jò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe mu ún. Ẹ nu igun rẹ̀ kan mọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ìka méjì di ibẹ̀ mú, kí wọ́n fi eyín gé e díẹ̀, kí ọwọ́ kejì kàn gbé ìdí rẹ̀ ró láìtẹ̀ ẹ́. Àlejò kan kò dúró gbọ́ èyí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀rá náà mú pinpin, ó gé igun rẹ̀ já, omi sì ta ṣòò kọjá orí tábìlì, ó ba sí gèlè ìyá ọkọ mi. Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá yọ gèlè, wọ́n gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti wẹ̀ láàárọ̀."

Bó bá jẹ́ iyán tàbí àmàlà lẹ fẹ́ gbé kalẹ̀, abọ́ omi ìṣanwọ́ yóò dé tábìlì ṣáájú. Ẹ sọ ohun tó wà fún kí àlejò tó gbé e sẹ́nu. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ mu ún rí. Ẹ jẹ́ kí àgbà ilé kọ́kọ́ ṣan ọwọ́ tirẹ̀, àlejò yóò wo bó ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi ìkìlọ̀ tọ́ dàgbà pé kí a má ṣe máa mu omi láàárín oúnjẹ, nítorí pé omi yóò gba ààyè ẹran àti òkèlè nínú ikùn, nítorí náà, ẹ̀yìn oúnjẹ ni omi wa ń dé. Àlejò fẹ́ omi tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ata bá wọlé. Lórí ọ̀rọ̀ ata yìí, omi kì í pa á, ṣe ló ń gbé e kiri inú ẹnu. Wàrà ló ń pa ata, nítorí pé èròjà kan nínú rẹ̀ máa ń di ata mú kúrò lára ahọ́n. Bí ẹ bá rí i pé etí àlejò ti pọ́n, ẹ sáré gbé wàrà inú fíríìjì yẹn jáde.

Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo

Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìlànà yìí, èyí ni mo máa mú. Àwa ń fúnni láìbéèrè; àwọn ń béèrè kí wọ́n tó fúnni, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ń béèrè. "Rárá, ẹ má ṣèyọnu" tiwa túmọ̀ sí pé kí ẹ tún fi lọ̀ mí, kí ó má bàa jọ pé ojú ń kán mi. Rárá tiwọn kò ní ìtumọ̀ kejì, wọ́n sì gbà pé tiwa náà kò ní.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó nínú ilé wọn ní Delft, ìyá ilé béèrè ohun tí mo fẹ́ mu. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó ní ó dára, ó sì jókòó. Mo rò pé yóò tún béèrè kó tó di aago mẹ́fà. A jẹ ọ̀dùnkún, a jẹ ẹran, gíláàsì tèmi wà níbẹ̀ ní òfìfo bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì, ahọ́n mi sì ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Nígbà tí mo dé yàrá tí mo ń sùn, ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ ni mo lọ fẹnu gbà. Kò sí ìkórìíra kankan nínú ohun tí obìnrin náà ṣe. Mo sọ pé n kò fẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń lọ, ẹ dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: omi ni, tíì ni, kọfí ni. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹ̀yin jẹ́ wọ̀bìà. Ẹ̀yin tó ń gbàlejò nílé, ẹ béèrè pẹ̀lú orúkọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tó wà nílẹ̀, kí ẹ gba rárá wọn bí rárá, kí ẹ sì gbé ìgò omi sí ibi tí ọwọ́ wọn lè tó láìsọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń fi àṣà tiwa sí i láìfipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè sọ fún àwọn àgbà ilé kí àlejò tó dé pé bí ó bá kọ ohun mímu, kì í ṣe pé ó ń fura sí wọn. Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ gbèsè lórí odidi kéèsì ẹlẹ́rìndòdò. Mo rà á lẹ́ẹ̀kan, omi lásán ni tọkọtaya náà mu fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ọmọ ilé ló jàǹfààní rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn

Ẹ má ṣe kó sórí wàrà wọn lọ́jọ́ kan. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ikùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kì í lè dà mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ jù lọ ará Nẹ́dálándì ń dà á títí ọjọ́ ogbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di Mínísítà fún ètò ìlera, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí èyí láàárín àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ní ọdún 1971. Wọ́n rí i pé àwọn Fúlàní darandaran ń dà á ju àwa lọ. Nítorí náà, bí inú yín bá ń kùn, tó wú, tí ó sì di ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn gíláàsì kan, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí i fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ. Wàràkàṣì líle kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, yógọ́ọ̀tì sì sàn ju wàrà lásán lọ. Páálí tí wọ́n bá kọ "lactosevrij" sí lára kò ní ṣúgà yẹn nínú.

Ẹ tún ka ara páálí dáadáa. "Melk" ni wàrà. "Karnemelk" ni wàrà kíkan, èyí tí àwọn kan fẹ́ràn nídìí búrẹ́dì ọ̀sán. Páálí méjèèjì jọra lójú àjèjì. Mo bu karnemelk sínú tíì gbígbóná lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀; ó dì ní ìṣù-ìṣù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tíì ya sí ìsàlẹ̀, ìṣù funfun léfòó bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́, mo sì fẹ́ lọ dá a padà fún ìyá ìtajà pé ó ta èyí tó ti bàjẹ́ fún mi. Ọlọ́run ló yọ mí.

Bí wọ́n bá pè yín wá mu kọfí, kọfí náà ni wọ́n pè yín fún. Bisikíìtì kan yóò bá a rìn, agolo bisikíìtì sì lè padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ tó jẹ ti ọwọ́ yín tán. Mo ṣì rò pé ẹyọ kan kéré, n kò ní purọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n pè yín, ẹ dìde kó tó di aago mẹ́fà, àyàfi bí wọ́n bá dárúkọ oúnjẹ. Ní ilé oúnjẹ, omi inú ìgò yóò wà nínú owó tí ẹ máa san. Bí ẹ bá fẹ́ omi ẹ̀rọ, "kraanwater" ni kí ẹ béèrè. Ilé oúnjẹ kan lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, òmíràn lè gba owó, òmíràn lè ní òun kì í gbé e fún oníbàárà.

Ọtí

Èyí kò ní pẹ́. Wọ́n ní àkókò fàájì kan tí wọ́n ń pè ní borrel, lẹ́yìn iṣẹ́ àti ṣáájú oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n ń mu bíà tàbí wáìnì pẹ̀lú ìpanu. Bí wọ́n bá gbé ife sókè, "proost" ni wọ́n ń sọ, ẹ sì wo ojú ẹni tí ẹ fẹ́ fi ife kàn. Ẹni tí kò bá ń mutí yóò mu omi tàbí ọsàn fífún, kò sì sí ẹni tí yóò rọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2014, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè ra ọtí níbẹ̀.

Nílé, bíà kò ní ṣàjèjì sí wọn. Heineken, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amsterdam ní 1864, ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ tó ń pọn Star, tí ìgò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fẹ́ tọ́ ti ìtòsí wò, Trophy ni kí ẹ fún un, torí pé Iléṣà níbí ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Ẹmu ló gba ìṣọ́ra. Ti àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti kan ó sì ti lágbára. Ẹ ra á lọ́wọ́ adẹ́mu tí ẹ mọ̀ tí kì í bu omi sí i, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àlejò kó tó bu igbá kejì.

Bó bá ṣe pé ilé tí kì í mutí ni tiyín, bóyá nítorí ẹ̀sìn, ẹ lè rí i pé àlejò mú ìgò wáìnì kan wá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ ilé wò. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ fún un ní tààrà pé ẹ kì í mutí. Kò ní bínú. Yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí òun mú wá nígbà tí òun bá tún ń bọ̀, ìdáhùn gidi ló sì ń retí. Èmi máa ń ní kó mú hagelslag páálí méjì wá fún mi.